Láfún Wà Lẹ́yìn Òbúkọ Yẹn

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ó dá wa lójú pé gbogbo wa ni à ń lò ó ní ìlòkulò, àwa tí à ń kọ̀wé síbí gan-an la sì jẹ̀bi jù.

Ẹ ó rántí fídíò òbúkọ tí a gbé síta. Òbúkọ tó ti orí bọ ìkòkò, tí orí ò wá yọ mọ́, tó ń fi ìkòkò sáré káàkiri àgbàlá, tí àwọn ọmọdé ń lé e. Ẹ rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í pín in kiri. Àwọn kan tiẹ̀ ń béèrè bóyá ìkòkò náà fọ́. Kò fọ́ o, ìkòkò irin ni.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ni èyí tó wà lẹ́yìn òbúkọ. Ẹ padà lọ wò ó dáadáa. Láfún ló wà níbẹ̀, tí wọ́n sá sórí ọ̀rá ńlá, funfun báláú. Àgbàlá ìyá kan tó ń ṣe láfún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayétòrò la ti ya fídíò náà. Lọ́jọ́ kejì a wá gbé àwòrán láfún ọ̀hún fúnra rẹ̀ síta, àpò mọ́kànlá. Ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ rèé: "Ọjà ti dé o! Ẹ má jẹ́ kó tán!" Èèyàn mẹ́rin ló tẹ láìkì, ọmọ ìyá náà sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjà kò tán. Òjò wá gba ẹ̀gbẹ́ páànù wọlé, àpò mẹ́ta bu, ìyá wa ta mẹ́jọ tó kù fún alárobọ̀ ní iye tó wu alárobọ̀.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan tó ń se oúnjẹ tà ní Èkó pè wá. Àna rẹ̀ ló fún un ní nọ́ńbà wa. Ó ní láti oṣù tó kọjá lòun ti ń wá ẹni tí yóò máa kó láfún gidi fún òun, òun wá a lórí Google títí ó fi sú òun, àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun nìkan lòun rí, iye tí wọ́n sì ń pè é, kò ṣeé gbọ́ sétí. A bi í pé kí ló tẹ̀ sí Google. Ó ní "white amala flour." A wo ara wa lójú. Nínú gbogbo ohun tí a ti kọ síbí láti ọjọ́ tí a ti dá ojú ìwé yìí sílẹ̀, a ò kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn pọ̀ rí.

Ohun tó ń dùn wá nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ ra ọjà wa ń wá wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn ni wọ́n fi ń wá wa, ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa la fi ń polówó, àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ò sì pàdé.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa bí Google ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àwọn kan rò pé oògùn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford méjì ní Amẹ́ríkà, Larry Page àti Sergey Brin, ló dá a sílẹ̀ ní 1998. Ẹ̀rọ wọn máa ń lọ káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, á sì máa to ọ̀rọ̀ inú wọn pa mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìwé ńlá kan tí wọ́n to orúkọ gbogbo nǹkan inú rẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n wá kọ nọ́ńbà ojú ewé sí i. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá béèrè nǹkan, àkójọ yẹn ló máa ṣí. Tí ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀ ò bá sí nínú ohun tí ẹ kọ, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin ló ń wá? Àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́, díẹ̀ ló lè rí dì mú nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ sínú gúrúùpù tí wọ́n tì, kò lè rí i. Ti status WhatsApp tún wá burú jù. Wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ló ń lò, àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́dọ̀ yín ló sì ń rí i. Àwọn yẹn ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ yín rí ni a ń wí.

Àwọn tó ń ta ìmọ̀ yìí ń pè é ní SEO, wọ́n á sì sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n bí i. Ẹ wo ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ìlú kan ni Ọ̀fàdà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Lónìí, ìrẹsì tí wọn ò gbìn ní Ọ̀fàdà rárá, orúkọ Ọ̀fàdà ni wọ́n fi ń tà á. Gààrí Ìjẹ̀bú náà ńkọ́? Ẹni tí kò dé Ìjẹ̀bú rí láyé rẹ̀ á sọ fún yín pé ó kan, pé ó kúnná, pé omi tútù àti ẹ̀pà ló bá a mu. Orúkọ ìlú àti orúkọ ọjà ti lẹ̀ mọ́ra, ẹnu àwọn èèyàn ló sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Tiwa wá ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ àti gààrí tó ń jáde ní Yewa kò kéré, gbogbo wa là ń rí ọkọ̀ tó ń kó o gba ọ̀nà Ọ̀tà lọ sí Èkó. Láìlórúkọ ló ń lọ. Tó bá débẹ̀, orúkọ ẹlòmíì ló máa jẹ́. A ò bá Ìjẹ̀bú jà o! Wọ́n pe orúkọ tiwọn, àwa ò pe tiwa.

Orúkọ tiwa gan-an tún ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ tẹ "Ayetoro" nìkan sí Google, kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ayétòrò ti Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ máa kọ́kọ́ rí, ìlú etí òkun tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ń pè ní Happy City, tí òkun ń gbé mì díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ tún wà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa nígbà kan, ó fi àánú béèrè bí ẹ̀gẹ́ wa ṣe ń ṣe nínú omi iyọ̀. A kọ́kọ́ rò pé ó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ ni, àfìgbà tá a rí i pé òótọ́ inú ló fi ń béèrè. Àwọn kan tún ń kọ ọ́ ní Aiyetoro, àwọn kan Ayetoro. Ti Yewa náà kò yàtọ̀. Ní 1995 ni wọ́n yí Ẹ̀gbádò padà sí Yewa, àmọ́ ọmọ wa tó ti wà lókè òkun kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Egbado ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, òun náà ló sì máa tẹ̀. Tí ẹ bá ń kọ ibi tí ẹ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ tán: Ayetoro, Yewa North, Ogun State. Ẹ lè fi Egbado sí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní pa yín lára.

Ẹ wá wo orúkọ ọjà. Ohun kan náà tí à ń pè ní ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń pè é ní pákí, àwọn kan gbágùúdá, Hausa ń pè é ní rogo, àwọn tó ń sọ Faransé lódìkejì bọ́dà ń pè é ní manioc. Fùfú tiwa ni Ìgbò ń pè ní akpu, ẹni tó bá sì tẹ akpu lè má fojú kan ẹni tó kọ fùfú nìkan. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti ìgbá. Ta ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tó bá ń kánjú wá nǹkan lórí fóònù? Ẹni tó ń wá ìgbá tí à ń jẹ á tẹ "igba" lásán. Google ò mọ̀ bóyá ìgbá yẹn ló ń wí, tàbí igbá tí wọ́n fi ń bu omi, tàbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, tàbí igba tó jẹ́ 200, tàbí ìgbà tó ń lọ tí kì í padà. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń pè é, kí ẹ kọ "garden egg" tẹ̀ lé e, ó parí.

Àwa tí a wà lẹ́bàá bọ́dà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ẹ ò tíì gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí ìjọba ti bọ́dà ilẹ̀ pa. Wọ́n ṣí àwọn kan ní oṣù kejìlá 2020, Ìdí-Ìrókò ò sí nínú wọn, ó di oṣù kẹrin 2022 kí wọ́n tó kéde ṣíṣí tirẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tó jẹ́ pé oníbàárà kan ṣoṣo ló ní, tí oníbàárà yẹn sì wà lódìkejì, ó jókòó ti ọjà rẹ̀. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ra àgbàdo ní Ìbàdàn. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ò mọ̀ ọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà ńbẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti máa ń ṣìnà jù. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá ti wú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìlà dúdú bí aró á ti máa yọ nínú rẹ̀. Google náà kì í kánjú. Ojú ìwé tuntun lè lo ọjọ́ mélòó kan, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó kà á rárá. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ wú ẹ̀gẹ́ tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù, ẹ ti pẹ́. Inú ilẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti lè ní sùúrù, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́: irú ẹ̀gẹ́ wo, oko tó tóbi tó mélòó, oṣù wo ló máa tó wú, ọ̀nà wo ni ọkọ̀ lè gbà débẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yín ti máa rìn kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé, "Ẹ̀yin admin, ẹ ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ o, ẹ má lọ sọ pé a ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín mọ́." A ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwàdà ń gbé nǹkan dé ibi tí ìpolówó ò lè dé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024. Aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Brain Jotter fi orin àtijọ́ kan jó nínú fídíò kékeré, orin Mike Ejeagha, àgbà olórin Ìgbò, tó ti jáde láti 1983. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, tọmọdé tàgbà, títí dé ibi tí wọn ò ti gbọ́ Ìgbò rárá. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà yẹn, ojú rẹ̀ sì rí i kó tó kú ní oṣù kẹfà 2025. Ibi tí a ń lọ nìyí: àkọlé orin náà gan-an, ẹ bi ara yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n. Ìró tó wà nínú ègbè rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ìró yẹn náà ni wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n bá ń wá a. Àwọn tó fi ìró yẹn kún ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò wọn ló jẹ́ kí orin náà ṣeé rí. Orúkọ tí èèyàn ń pe nǹkan lọ́nà ọjà ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ni ín kọ sára páálí.

Nítorí náà, ẹ fi òbúkọ sílẹ̀ kó máa sáré. Tí ẹ bá gbé e síta, ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé àgbàlá ta ni, kí ni wọ́n sá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìlú wo nibẹ̀. Ìyẹn ò ní kí ẹ̀rín má dùn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí jẹun. Ìtìjú ni kẹ́ ẹ gbọ́ eléyìí lẹ́nu wa, àmọ́ a máa sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan wá bá wa pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan òun á gbé wa dé iwájú pátápátá lórí Google. A dá owó fún un. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé fóònù tirẹ̀ jáde, ó tẹ orúkọ ojú ìwé wa yìí gẹ́lẹ́, lóòótọ́, àwa la wà lókè. A pàtẹ́wọ́! Ó di ọjọ́ kejì kí ọ̀kan nínú wa tó ní, "Ẹ dúró ná, ta ló ń pe orúkọ ara rẹ̀ tí kì í jẹ́?" Ẹni tó mọ orúkọ wa kò nílò Google láti rí wa. A tẹ "gari Ilaro," a tẹ "lafun Ogun State," a ò rí ara wa níbì kankan. Google fúnra wọn sọ ọ́ gbangba pé kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ipò kìíní fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n ń gbowó lé ni ìpolówó, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìpolówó ni. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ kí orúkọ ibi iṣẹ́ yín yọ lórí máàpù, èyí tí wọ́n ń pè ní Google Business Profile, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ní ibi tí oníbàárà lè wá bá a ló wà fún, ilé ìyangààrí, abà adìyẹ, ibi tí wọ́n ti ń fọ epo. Wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò ibẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fún Google kó tó forúkọ yín sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ lé e jáde.

Àwọn ìyá wa kan sọ pé àwọn ò mọ̀wé, kí ọmọ àwọn máa ṣe ti fóònù. Kò burú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ láàárín wa, ti Poli Ìlaròó wà níbẹ̀, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà OOU l'Áyétòrò wà níbẹ̀, wọ́n mọ fóònù tẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ọjà yín. Ọmọ á kọ "fresh and quality", ìyẹn ni gbogbo ayé ń kọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ọjọ́ mélòó lẹ fi rẹ ẹ̀gẹ́ náà, pé ẹ kò sá a sẹ́bàá ọ̀nà tí eruku ọkọ̀ lè bà lé e, pé tí wọ́n bá rò ó, ó máa ń fà, kì í so kókó. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń fi ọ̀rọ̀ báyẹn hàn léraléra, tó ń dáhùn ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn èèyàn á mọ ọ̀nà ibẹ̀. Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ blog rẹ̀ ní 2006, ojú ọ̀fẹ́ ti Blogger ló fi bẹ̀rẹ̀, ọdún bíi mélòó kan ló sì fi ń kọ kí owó tó wọlé. Òfófó àwọn òṣèré ló ń kọ, a mọ̀. Àmọ́ kò jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí a tún kọ sábẹ́ àwòrán láfún ìyá wa rèé, kẹ́ ẹ lè rí bó ṣe yẹ kó rí látìbẹ̀rẹ̀: "Láfún funfun (lafun, white amala flour, cassava flour). Ayetoro, Yewa North, Ogun State. Ọjọ́ mẹ́rin la rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, orí ọ̀rá la sá a sí, kò ní iyanrìn. Àpò mẹ́fà ló máa wà nílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. A lè fi ránṣẹ́ sí Ìlaròó, Abẹ́òkúta, Sango àti Èkó." Ọjọ́ tí a kọ ọ́ wà lórí rẹ̀. Tó bá tà tán, a máa kọ "ó ti tà" sí i, torí kò sí ohun tó ń lé oníbàárà bíi kó pè, kí wọ́n ní ọjà ọdún tó kọjá nìyẹn.

Ẹni tó bá pè yín tí ẹ ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ má fi ojú lásán wo àwòrán alert tó bá fi ránṣẹ́. Inú àkáǹtì yín ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kí ọjà tó kúrò nílẹ̀.

Ọ̀gá tó ń se oúnjẹ tà yẹn ti gba mẹ́rin nínú àpò mẹ́fà náà sílẹ̀. Ó ku méjì. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, àwòrán tí kò bá ní orúkọ ọjà, orúkọ ìlú, iye tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́, a ò ní gbé e síbí mọ́, ẹ má bínú sí wa. Ẹ kọ tiyín sí kọ́mẹ́ǹtì, bó ṣe wà lẹ́nu yín ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, a máa bá yín wá orúkọ tí àwọn ará Èkó àti ti òdìkejì bọ́dà ń pè é. A máa jókòó tì í ní alẹ́ Sátidé. Ẹ má gbàgbé láti sọ Ayétòrò tí ẹ ń wí.